Oṣù Tí Bàbá Ẹlẹ́rìí Nìkan Rí

Nígbà tí Bọ̀dá Múrí pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé pé Bàbá ti kú, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe ẹkún, kì í sì í ṣe àdúà. Mo ní, "Ta ló rí i?" Àbúrò bàbá mi ni Bọ̀dá Múrí. Ó wá ní, "Sìkírá, èmi ni mo rí i. Ọwọ́ mi ló kú sí." Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó nínú kíláàsì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ajárá, tí mo sì bú sẹ́kún níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Bàbá tí mò ń wí yìí, bàbá àgbà mi, ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ní Ìdí-Àgbọn, abúlé apẹja wa tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà, àwọn tó mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kò pọ̀. Bàbá Ẹlẹ́rìí ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Tó o bá sọ fún un pé òjò rọ̀ ní Àgbádárìgì lánàá, á ní, "Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?" Tó o bá ní ìwọ fúnra rẹ lo rí i, á wo ẹsẹ̀ rẹ bóyá ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Tó o bá wá dárúkọ ẹlòmíràn tó rí i, á gbé ìka méjì sókè, á ní, "Ẹnìkan kò tó." Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, máa ń sọ pé ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ìta ni Bàbá dúró sí, tó ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń jáde bóyá lóòótọ́ ni ọmọ náà ti ké. Wọ́n ní ó ti ké. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó tún ké kí òun gbọ́.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé òun nìkan ni. Ìdí-Àgbọn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń tètè fọkàn tán èèyàn. Abúlé mùsùlùmí ni, abúlé àwọn tó le nínú ẹ̀sìn. Imọ̀ àgbọn la fi sọgbà yí ilé ká, inú ọgbà làwọn obìnrin wa ti ń yan ẹja, àwọn ẹlẹ́hàá inú wọn kì í sì í yọjú síta àfi tí ilẹ̀ bá ti ṣú. A kì í lu ìlù níbi ìgbéyàwó. Ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ̀ kankan kì í wọ òkun. Tí ọ̀kadà bá gbé àlejò wá láti títì, kí táyà rẹ̀ tó jáde nínú iyanrìn, gbogbo ilé ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, wọ́n sì ti ń ronú ohun tó wá jí. Kódà àwọn ọmọdé wa kì í dá àlejò lóhùn tààrà. Àlejò á ní, "Ilé Lèmọ́mù dà?" Ọmọ á ní, "Kí lẹ fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" Ìdajì wa ló ń sọ Ègùn nílé, ìdajì ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n èdè ìfura la jọ gbọ́. Láàárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé ti Bàbá ti pọ̀ jù. Ẹ wo bó ṣe máa tó.

Ìgbà kan, àwọn kan wá gbẹ́ kànga oníẹ̀rọ fún wa. Wọ́n dé fìlà aláwọ̀ kan náà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì lọ. Inú gbogbo wa dùn, torí omi kànga wa àtijọ́ máa ń mú iyọ̀ òkun wá. Bàbá kò fẹnu kan omi náà. Ewúrẹ́ wa ló kọ́kọ́ fún mu, ó sì jókòó tì í láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ewúrẹ́ kò kú. Nígbà tó yá, ó tún sanra sí i. Ìyá Àgbà ní, "Ewúrẹ́ ti mu ún, àwa náà ti mu ún, kí lẹ tún ń wò?" Bàbá ní, "Omi kọ́ ni mò ń fura sí. Ẹni tó gbé e wá ni. Kò béèrè orúkọ ẹnì kankan nínú wa." Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò ní pọn omi kànga àtijọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́ ni Bàbá mu omi ẹ̀rọ, ó sì di ojú nígbà tó ń mu ún.

Ọkọ mi náà jẹ tiẹ̀. Ìjanikin ló ti wá, tíṣà bíi tèmi, onírẹ̀lẹ̀ ẹ̀dá. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá kí Bàbá, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bó ṣe yẹ, ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹun, ó gbàdúà. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, bàtà kan ṣoṣo ló rí. Bàbá ti fi ọ̀pá fa èkejì sábẹ́ ẹní rẹ̀ nígbà tí a ń jẹun, ó sì jókòó lé e bí adìẹ lórí ẹyin. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọkùnrin náà á fẹsẹ̀ lásán lọ sílé torí ìtìjú. Ọkọ mi wo ìta, ó wo abẹ́ àga, ó wá sọ fún mi kí gbogbo ilé gbọ́ pé, "Sìkírá, wọ́n ti gbé bàtà mi o, ó sì jọ pé ọ̀dọ̀ Bàbá ló wà." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó yọ bàtà náà jáde, ó ní, "Fẹ́ ẹ. Ó ń fura."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oṣù ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ oṣù náà ló sì bà á jẹ́.

Ní Ìdí-Àgbọn, a kì í fi ti rédíò bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Bàbá ló fi ìjà lé rédíò kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà ayé Lèmọ́mù tó ṣáájú èyí. Ó ní, "Rédíò kò lójú. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀, ta ló sọ fún un?" Nítorí náà, tí oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀ bá ti ń parí lọ, gbogbo ọkùnrin á jáde sí etí òkun ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á kọjú sí ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń wọ̀, wọ́n á máa wá oṣù tuntun lójú ọ̀run. Bí òfin wa ṣe rí nìyí: láti tú ààwẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì ni Lèmọ́mù ń gbà. Ṣùgbọ́n láti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó, tó bá jẹ́ ẹni tí a kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹni yẹn ni Bàbá. Lèmọ́mù lè rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń nawọ́ sókè, kò ní sọ nǹkan kan títí á fi dé iwájú Bàbá. Bí Bàbá bá ní "Mo rí i," ààwẹ̀ di ọ̀la. Bí ó bá ní "Mi ò rí i," ó di ọ̀túnla. Òun tí kì í gba ẹ̀rí ẹnì kankan, ẹ̀rí rẹ̀ nìkan ni gbogbo abúlé ń gbára lé.

Àṣà kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín. Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀ dà bí ọjọ́ Jímọ̀ lọ́dọ̀ wa: ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọ òkun. Ẹni tó bá ti ọkọ̀ sómi lọ́jọ́ náà, Lèmọ́mù á gba àwọ̀n rẹ̀ títí ààwẹ̀ á fi parí, kò sì sí obìnrin tó máa bá a yan ẹja rẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó dán an wò.

Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ojú Bàbá ti ń lọ. Mi ò tíì dàgbà nígbà yẹn tó ẹni tí wọ́n ń lé kúrò láàárín àwọn ọkùnrin, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wà lábẹ́ àtíbàbà tó ti ń tún àwọ̀n ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àwọ̀n. Ó ní kí n máa bá òun fi okùn bọ̀ ọ́, pé ó yẹ kí ọmọbìnrin mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wá ojú ihò àwọ̀n kó tó di í. Lọ́jọ́ kan, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó pe orúkọ ìyá mi. Mo ní, "Èmi ni, Bàbá." Ó ní, "Mo mọ̀." Kò mọ̀. Mi ò sọ fún ẹnì kankan, kò sì sẹ́ni tó bi mí, torí ta ló máa bi ọmọdébìnrin léèrè nípa ojú Bàbá Ẹlẹ́rìí?

Ọdún yẹn ni ọkùnrin kan wá láti Sẹ̀mẹ̀. Ó ń sọ Yorùbá, ó ń fi Faransé sí i, ó sì wọ ṣòkòtò funfun wá sí etí òkun. Ìyẹn nìkan ti tó fún Bàbá. Ó ní, "Ẹni tó wọ funfun wá síbi ẹja, kì í ṣe ẹja ló bá wá." Ọkùnrin náà ń wá ọkọ̀ tó lágbára àti àwọn ọmọkùnrin tó lè wọ òkun lọ pàdé ọkọ̀ ńlá kan lọ́hùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n gba ẹrù, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ Kútọnù. Ọkọ̀ Bọ̀dá Múrí ló wù ú. Àpọ́n ni Bọ̀dá Múrí nígbà yẹn, ọmọ ìkẹyìn Bàbá, ẹni tí Bàbá fẹ́ràn jù tí kò sì jẹ́ kó mọ̀. Kò ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́ńjìnnì ló ń yá, ìdajì ẹja rẹ̀ ló sì ń bá a lọ. Ọkùnrin náà ṣèlérí pé tó bá ti lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun á fún un ní ẹ́ńjìnnì tuntun.

Mo wà lábẹ́ àtíbàbà nígbà tí Bọ̀dá Múrí wá sọ fún Bàbá. Àwọn apẹja mélòó kan wà níbẹ̀, títí kan ọmọ Lèmọ́mù tó fẹ́ bá Bọ̀dá Múrí lọ.

Bàbá ní, "Irú ẹrù wo ni?"

"Ẹrù ni, Bàbá."

"Ṣé o rí i?"

"Rárá. Wọ́n ní tá a bá débẹ̀ la máa rí i."

"Má lọ."

"Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi ní kí n má lọ?"

Bàbá ní, "Ṣòkòtò rẹ̀."

Gbogbo àtíbàbà rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Múrí ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, láti kékeré lẹ ti ń sọ ọ́ sí wa létí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹlẹ́rìí yín?"

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì ń fi ìka wá ojú ihò àwọ̀n. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí Bọ̀dá Múrí, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Bàbá ò lẹ́lẹ́rìí. Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n ta ló máa mu oògùn tí kò lórúkọ?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ìrọ̀lẹ́ oṣù. Kí àsùbáà tó pè lọ́jọ́ kejì ni ọkọ̀ máa lọ.

Àwọn ọkùnrin jáde sí etí òkun. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni mo dúró sí, mo di apá agbádá rẹ̀ mú. Ó máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé èmi lòun ń kọ́ ní oṣù wíwò, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń sọ fún un ibi tí kòtò wà. Oòrùn wọ̀. Kùrukùru díẹ̀ wà nísàlẹ̀ ojú ọ̀run, kò pọ̀. Mo wò títí omi fi bọ́ lójú mi, ojú mi sì mú bí ojú àwòdì nígbà yẹn. Mi ò rí nǹkan kan. Àwọn ọkùnrin ń fọwọ́ bo iwájú orí, wọ́n ń mi orí. Àwọn kan ti ń gbọn iyanrìn kúrò láṣọ láti máa lọ sílé.

Lèmọ́mù dé iwájú wa. "Bàbá Ẹlẹ́rìí, kí lẹ rí?"

Lókèèrè, nídìí ọkọ̀ rẹ̀, Bọ̀dá Múrí ń di ẹrù, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń ju okùn sínú ọkọ̀. Bàbá yíjú sí ọ̀hún. Kò lè rí i láti ibi tí a wà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ ni. Ó wá yíjú padà sí ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, ó gbé ìka kan sókè, ìka náà ò sì gbọ̀n.

Ó ní, "Mo rí i."

Kò sẹ́ni tó ní kó búra. Ta ló máa ní kí Bàbá Ẹlẹ́rìí búra? Gbogbo wọn tẹ̀ lé ìka rẹ̀ pẹ̀lú ojú. Ẹnì kan ní, "Háà, òun nìyẹn, bí okùn abẹ́rẹ́!" Òmíràn ní òun náà ti ń rí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dojú rú lẹ́yìn náà, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó rántí pé òun rí nǹkan kan. Lèmọ́mù wo Bàbá pẹ́ díẹ̀, ó wá ní ààwẹ̀ di ọ̀la. Mo fura sí Lèmọ́mù náà. Ọmọ tirẹ̀ wà lára àwọn tó fẹ́ bá ọkọ̀ yẹn lọ, ọmọ náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní ẹlẹ́rìí.

Nídìí ọkọ̀, Bọ̀dá Múrí ju okùn sílẹ̀. Ó wo Bàbá láti ọ̀ọ́kán, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo bi Bàbá pé, "Ṣé ẹ rí i lóòótọ́?"

Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

Ó rìn díẹ̀ sí i. Ó ní, "Ẹ̀rí tìrẹ nìyẹn. Di í mú dáadáa, má jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Ọkùnrin oníṣòkòtò funfun kò dúró dè wá. Ó kọjá sí abúlé kejì, níbi tí wọn ò ti ní irú àṣà tiwa, ó sì gba ọkọ̀ ọkùnrin Ègùn kan tó ń jẹ́ Máútin. Ẹ̀yin tó ń retí kí n sọ pé Máútin kò padà wá, ẹ máa bínú sí mi. Ó padà wá. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ dé láyọ̀, wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì tuntun pupa lé ìdí ọkọ̀. Láràárọ̀ ló ń kọjá níwájú wa, ariwo ẹ́ńjìnnì náà á sì wọlé bá wa níbi tí a ti ń jẹ sààrì. Máútin wà láàyè dòní, ó sanra, ó sì máa ń juwọ́ sí mi. Mi ò mọ ohun tí wọ́n gbé. Bàbá náà ò mọ̀ ọ́n títí ó fi kú.

Ààwẹ̀ lọ títí ó fi pé ọgbọ̀n ọjọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó pé, a jáde lọ wo oṣù tó máa mú Ìtunnu wá. Ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kò sí kùrukùru, kò sì sí oṣù. Ta ló tíì gbọ́ ọ rí pé oṣù lé ní ọgbọ̀n ọjọ́? Ọmọdé pàápàá lè ṣírò rẹ̀: a ti fi ọjọ́ kan ṣáájú oṣù. A gbààwẹ̀ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, àwọn ará Àgbádárìgì tó ń bá wa ra ẹja sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún fi yí po. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, kò tíì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìrun, Lèmọ́mù àtàwọn àgbà wá sílé wa. Wọ́n jókòó. Lèmọ́mù ní, "Bàbá Ẹlẹ́rìí, kí lẹ rí lọ́jọ́ yẹn?"

Ìyá Àgbà dúró lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, mo sì rí ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ náà. Bàbá lè sọ pé ojú ló tan òun jẹ. Ó lè sọ pé òun rí ohun tí òun rí. Wọn ì bá gbà á, torí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá ní, "Ẹ má gba ẹ̀rí mi mọ́."

Wọn ò sì gbà á mọ́. Láti ọjọ́ náà, etí òkun kò rí i mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ oṣù. Orúkọ rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n fi ń pè é yí padà. Àwọn ọmọdé á kọjá níwájú ilé wa ní ọ̀sán gangan, wọ́n á ké pé, "Bàbá Ẹlẹ́rìí, oṣù ti lé o!" Mo ju òkúta sí púpọ̀ nínú wọn, díẹ̀ sì bà wọ́n. Ohun tó dùn mí jù ni pé Bàbá kò bi ẹnì kankan mọ́ pé ta ni ẹlẹ́rìí rẹ. O lè wọlé sọ fún un pé òkun ti gbẹ, á ní, "Ó dáa." Ọjọ́ bàtà ọkọ mi nìkan ni mo tún rí ìfura àtijọ́ lára rẹ̀.

Bọ̀dá Múrí kò dárí jì í. Ó mọ ìdí tí Bàbá fi rí oṣù lọ́jọ́ náà. Kò sí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì Máútin bá kọjá tí ojú rẹ̀ kì í le. Ọdún á dé, á wá kí Bàbá láti ẹnu ọ̀nà, kò ní wọlé. Kódà nígbà tí Ìyá Àgbà kú, tí ojú Bàbá sì ti lọ pátápátá, tí Bọ̀dá Múrí gbé e lọ sílé ara rẹ̀ torí kò sí ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ kò kún ọwọ́. "Omi rè é." "Mo dúpẹ́." "Ẹ gbẹ́sẹ̀, àtẹ̀gùn wà níbẹ̀." "Mo gbọ́." Mo bẹ Bọ̀dá Múrí títí ó sú mi. Ó ní, "Sìkírá, irọ́ ló pa fún mi. Òun tó nà mí torí irọ́."

Ọjọ́ tí Bàbá kú, kí n tó dé, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti wé e. Àwọn obìnrin tó jókòó sínú ọgbà sọ ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ fún mi. Lábúlé wa, tí wọ́n bá ti kírun sí òkú lára, Lèmọ́mù máa ń yíjú sí àwọn èèyàn, á bi wọ́n pé kí ni ẹ̀rí wọn nípa ẹni tó lọ. Wọ́n á ní ẹni rere ni, wọ́n á sì gbé e lọ. Lèmọ́mù ọjọ́ oṣù yẹn náà ló ṣì wà, ó ti darúgbó. Àwọn obìnrin ní àwọn àgbà kan ti ń sọ lábẹ́ àtíbàbà pé àwọn ò ní ya ẹnu àwọn fún ẹni tó fi gbogbo abúlé gbààwẹ̀ ọjọ́ tí kò sí. Mo rò ó pé Bàbá Ẹlẹ́rìí, nínú gbogbo ọmọ aráyé, á lọ láìní ẹlẹ́rìí.

Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Bọ̀dá Múrí ń la pákó tí wọ́n máa tò sórí sàréè. Kò wò mí. Ó ní, "O mọ Làtífù?" Ọmọ rẹ̀ ni, àkọ́bí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá bá mi pé àwọn kan ní Sẹ̀mẹ̀ fẹ́ mú òun lọ ṣiṣẹ́ níbì kan, àwọn á fún òun ní ọ̀kadà. Mo ní kó má lọ. Ó ní, 'Bàbá, kí lẹ rí?'"

Ó gbé ada sílẹ̀.

"Mi ò rí nǹkan kan, Sìkírá. Ara mi kàn kọ̀ ọ́ ni. Mo wo ojú rẹ̀, kò gbà mí gbọ́. Mo wọlé lọ síbi tí Bàbá sùn sí, mo jókòó tì wọ́n. Mo sọ fún wọn. Wọ́n kàn ń wá ọwọ́ mi. Ká ní oṣù wà lójú ọ̀run tí mo lè nawọ́ sí lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá ti nawọ́ sí i."

Mo bi í pé Làtífù ńkọ́. Ó ní ó ṣì wà nílé, òun ti gbé bàtà rẹ̀ pa mọ́. A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì, a sì sunkún níbẹ̀ láàárín pákó.

Wọ́n kírun. Ẹ̀yìn ọgbà ni àwa obìnrin dúró sí, mo fojú lé àlàfo imọ̀ àgbọn. Mo rí Bàbá lórí pákó nínú aṣọ funfun, ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Lèmọ́mù yíjú sí wọn, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, kí ni ẹ̀rí yín nípa ẹni yìí?"

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Mo gbọ́ ìgbì òkun, mo gbọ́ ẹnì kan tó ń wúkọ́. Àwọn tó jẹ ẹja rẹ̀, àwọn tí Bàbá bá tún àwọ̀n ṣe, gbogbo wọn ń wo iyanrìn.

Bọ̀dá Múrí jáde síwájú. Ó ní, "Èmi Múritálà, ọmọ rẹ̀. Mo jẹ́rìí. Ẹni rere ni bàbá mi."

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àgbà kan tiẹ̀ kùn pé ọmọ ló ń jẹ́rìí bàbá. Mo sì mọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn, torí Bàbá fúnra rẹ̀ ló fi ìka méjì kọ́ wọn: ẹnìkan kò tó.

A kì í gbọ́ ohùn obìnrin níbi òkú ní Ìdí-Àgbọn. Ìyá kan di aṣọ mi mú lẹ́yìn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì ya imọ̀ àgbọn, mo pariwo láti inú ọgbà pé, "Èmi ni ìkejì! Sìkírá ni! Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn. Ẹni rere ni!"

Gbogbo orí yí sí ọgbà. Lèmọ́mù nìkan ni kò wo ibẹ̀. Ó tẹrí ba wo Bàbá nílẹ̀ pẹ́ títí, gẹ́gẹ́ bó ṣe wò ó létí òkun nígbà náà.

Ó ní, "Wọ́n ti di méjì. Ẹ gbé e."